Kí Ọwọ́ Tó Ju Igbà

Bí ẹnì kan bá wà láàárín Lálúpọn sí Ẹ̀gbẹ́dá tó mọ ọ̀pẹ gùn jù mí lọ, ẹ ní kó bọ́ síta kí n rí i. N kò rí i nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, n kò sì tíì rí i lónìí tí ewú ti ń yọ ní irùngbọ̀n mi. Ìwé Kejì ni mo kà mọ ní ilé ìwé ìjọ tó wà nítòsí abúlé wa. Baba mi, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun kankan jáfara, ní ohun tí mo mọ̀ yẹn ti tó fún ẹni tó máa bá igi ṣiṣẹ́. Ó mú mi kúrò níbẹ̀, ó fi igbà lé mi lọ́wọ́. N kò bínú. Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì nígbà náà ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn báyìí, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ta ló lè dúró lókè ọ̀pẹ kó máa jẹ àkàrà?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti jẹ ẹ́ lókè rí.

Igbà ni okùn líle tí àwa akọ̀pẹ fi ń yí ara wa àti igi po. Ó gba ìdí ẹ̀yìn rẹ kọjá, ó sì yí ẹ̀yìn igi ká. Bí o bá fara tì í, tí o fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ igi, kò sí ibi tí ò ń lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ gòkè sí i, o ní láti súnmọ́ igi kí igbà lè dẹ̀, kí o wá jù ú sókè. Ní ìṣẹ́jú akàn tí igbà fi wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn, kò sí ohun tó dì ọ́ mú láyé yìí àfi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ akọ̀pẹ. Nígbà tí baba mi ń kọ́ mi, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń tẹnu mọ́: "Kí ọwọ́ tó ju igbà, kí inú rẹ ti débẹ̀ ná." N kò bi í ní ìtumọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ń yá gágá kì í béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Mo ń gùn ún ni.

Ohun tó jẹ́ kí n wá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ṣáájú òmìnira.

Ọ̀pẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹbu wa, ẹbu ni a ń pe ibi tí àwọn obìnrin ti ń fún epo. Nínú gbogbo ọ̀pẹ ilé wa, òun ló ga jù. Bí ìyàwó mi àti àwọn obìnrin ilé bá wà nínú ẹbu, tí wọ́n ń tẹ ẹyìn, ìdí ọ̀pẹ yẹn ni wọ́n máa ń kọjú sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọyẹ́ mú, ètè gbogbo ènìyàn ti là. Mo ti gé imọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láti orí ọ̀pẹ kékeré tó wà níwájú rẹ̀, mo wá bọ́ sórí èyí tó ga. Àwọn obìnrin ń pariwo nísàlẹ̀.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń lọ! Ọ̀kẹ́rẹ́ ni àbí ènìyàn?"

"Ọkọ mi ni," ìyàwó mi dáhùn, "ṣùgbọ́n bó bá dé ilẹ̀, kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé omi sí."

Inú mi dùn. Mo dé abẹ́ ibi tí ìdì ẹyìn wà, mo súnmọ́ igi, mo ju igbà. Bí ọwọ́ mi ṣe gbé e ni ojú mi bá nǹkan dúdú gígùn kan tó rọ̀ láàárín àwọn kùkùté imọ̀. Inú mi kan ní, "Ejò ni, padà." Inú mi kejì ní, "Igbà ti lọ, máa lọ." Ọwọ́ mi kò mọ èyí tí yóò gbọ́. Ó ju igbà dé ìdajì, ó tún fà á padà. Igbà kò di òkè mú, kò sì di ìsàlẹ̀ mú. Mo rí ojú ọ̀run, mo rí ewé, mo tún rí ojú ọ̀run, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ìyàwó mi ké pé, "Yéè! Ó ti parí o!"

Kò tíì parí. Orí òkìtì imọ̀ tí mo ti gé sílẹ̀ ni mo bọ́ sí. Ẹlòmíràn ì bá kú. Ojúgun ẹsẹ̀ mi kan ló sán, ọrùn ẹsẹ̀ kejì sì yẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé mi wọlé ni mo ń sọ fún wọn pé ejò ni mo rí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi tó tẹ̀ lé mi, ti gun ọ̀pẹ náà, ó gé ìdì ẹyìn tí mo fẹ́ gé, ó sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nǹkan lọ́wọ́. Ó wá bá mi lórí ẹní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó wí. "Ejò yín rèé."

Ìtàkùn gbígbẹ ni.

Bàbá kan tó ń to eegun ní ìhà Akínyẹlé ni wọ́n gbé mi lọ bá. Ó fi ọparun di ẹsẹ̀ mi, ó ń fi òrí pa á, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá ń ké. Nígbà tó tú u, ó ní kí n dìde, mo dìde. Ó ní kí n fò, mo fò. Ó ní kí n jó, mo jó títí àwọn ìyàwó rẹ̀ fi pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Máa lọ sílé. Eegun rẹ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí nǹkan kan bá tún kù, kì í ṣe nínú eegun."

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Àṣà kan wà ní agbo ilé wa tí ẹnì kan kì í rú. Ẹni tó bá jábọ́ lórí ọ̀pẹ, kò gbọdọ̀ gun ọ̀pẹ mìíràn títí tí yóò fi gun èyí tó ti jábọ́ lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ní bó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí òmíràn, yóò máa sá fún èyí títí ayé, lẹ́yìn ìyẹn yóò máa sá fún gbogbo wọn. Torí náà, ọjọ́ kejì tí mo dé, mo mú igbà, mo lọ sídìí ọ̀pẹ gíga yẹn. Mo ní bísímílà. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé igi.

Ẹsẹ̀ náà gbọ̀n. Kì í ṣe gbígbọ̀n kékeré. Ó ń gbọ̀n bí ìgbà tí ẹ̀rọ ìlọta bá ń ṣiṣẹ́. Mo gbé e kúrò, ó dákẹ́. Mo gbé e padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ yìí jó fún bàbá tó to eegun mi! Òógùn bò mí, mo ká igbà mi, mo padà sílé.

"Ọyẹ́ ló mú ju," mo sọ fún ìyàwó mi.

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Bàbá Ìbejì, ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti oṣù tó kọjá."

Mo lọ lọ́jọ́ kejì, mo tún lọ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Bákan náà ni. Nígbà tó yá, àwọn ọmọdé abúlé fi mí kọ orin, wọ́n ní akọ̀pẹ ilẹ̀ ni mí. Àbúrò mi kò bá wọn kọ ọ́, àmọ́ kò lé wọn. Òun ló ń gun gbogbo ọ̀pẹ wa nígbà náà. Ó ń gùn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ gbé òkú ló ṣe ń gùn ún.

Baba mi pè wá jọ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun. Ó jókòó sórí awọ ẹran tó fi ń kírun, ó wò mí.

"Ìwọ ni àgbà," ó ní. "Ọwọ́ rẹ ni igbà ilé yìí wà. Àmọ́ ọ̀pẹ kì í dúró de ènìyàn. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí ìdì tó wà lórí ọ̀pẹ ẹbu yẹn bá pọ́n, tí o kò bá tíì gé e, ìkọ́ tó wà ní yàrá àbúrò rẹ ni igbà á máa wà."

"Èmi ńkọ́, Baba?" mo bi í.

"Wàá máa ṣa ẹyìn."

Ẹni tí kò bá mọ ilé wa kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Àwọn obìnrin àti àwọn arúgbó ló ń ṣa ẹyìn: kí o jókòó sínú ẹbu, kí o gbé ìdì tí ẹlòmíràn gé sí àárín ẹsẹ̀, kí o máa yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi! N kò sùn dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún ara mi: ẹ̀mí mi ni yóò kọ́kọ́ bọ́ kí ìkọ́ tó yí padà.

Ẹni tó là mí lójú ni tíṣà àwọn ìbejì mi. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwọn méjèèjì ti ń lọ sí Lálúpọn, onítẹ̀bọmi kan tó jẹ́ ọmọlúàbí ló ń kọ́ wọn. Ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá ra epo lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó bá mi níbi tí mo jókòó sí tí mò ń wo ọ̀pẹ bí ẹni ń wo ọ̀tá.

"Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìjókòó o."

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ wá sọ ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ mi fún mi." Mo dìde, mo gbé ẹsẹ̀ lé igi, ó ń gbọ̀n. "Ẹ wò ó!"

Ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kàn án, ó dìde.

"Kò sí ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ yín. Ẹsẹ̀ kì í dá rìn. Ọpọlọ tó wà nínú orí yín ló ń rán an níṣẹ́, iṣan ara ló sì ń gbé iṣẹ́ náà lọ, bí wáyà ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Kí ẹ tó gbé ọwọ́, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, orí ti pinnu."

"Ṣé orí mi ló wá ya ọ̀lẹ ni?"

"Rárá o, sà. Iṣẹ́ méjì ló ń rán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, 'Gùn ún.' Ó tún ní, 'Má gùn ún.' Bí ẹ bá rán ọmọ yín lọ sóko, tí ìyá rẹ̀ sì rán an lọ sódò ní àkókò kan náà, kí lọmọ náà máa ṣe?"

Ìyàwó mi dáhùn láti inú ẹbu: "Á jókòó, á máa jẹun!"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí kò bá jẹun, á dúró sójú kan, á máa wo iwájú, á máa wo ẹ̀yìn. Ohun tí ẹsẹ̀ yín ń ṣe nìyẹn. Ìránṣẹ́ tó gbọ́ràn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán an ni kí ẹ fẹnu kò."

Ọ̀rọ̀ baba mi ló sọ sí mi lọ́kàn: kí inú rẹ ti débẹ̀ ná. Ọdún tí mo ti gbọ́ ọ pọ̀, ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mo tún wá rí ọjọ́ tí mo jábọ́ kedere. Kì í ṣe ìtàkùn ló gbé mi ṣubú. Bí ó bá jẹ́ ejò gidi, tí mo sì pinnu láti lọ, ǹ bá lọ. Bí mo bá pinnu láti padà, ǹ bá padà. Àárín méjì ni mo ti jábọ́. Mo ní kí ìyàwó mi fi èènì tó dára sí epo tíṣà náà.

Ẹni tó bá gbọ́n kì í jókòó lórí ọgbọ́n. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé tí àrá ti gé lórí, igi rẹ̀ nìkan ló dúró. Mo lọ bá baba mi.

"Baba, ọ̀pẹ tí kò lórí, ṣé ọ̀pẹ ni?"

Ó fi ojú kan wò mí. Ó mọ ibi tí mò ń lọ. "Kò so, kò sì ní imọ̀," ó ní. "Òpó ni."

"Ẹ ṣeun, Baba."

Òpó yẹn ni mò ń gùn ní àràárọ̀. Mo máa dúró, igbà á yí mi ká, màá fi ẹnu sọ ibi tí mò ń lọ: "Òkè." N kò ní jù ú. Màá dúró títí gbogbo inú mi á fi wà lójú kan ṣoṣo. Nígbà tó bá dọ̀kan, màá jù ú. Lákọ̀ọ́kọ́, n kò lè ga ju èjìká ìyàwó mi lọ. Àbúrò mi kọjá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú òpó o! Ṣé a ti fẹ́ bo ilé ni?" Mo ju igbà. Ṣé ẹni tó ń gbé omi lórí ni yóò máa bá ẹlẹ́yà jà?

Níbẹ̀ ni mo ti wá gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ rí pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe mọ iṣẹ́ yìí tó. Bí inú bá ti pinnu kí ọwọ́ tó ju igbà, ẹ̀ẹ̀kan ni igbà máa ń lu igi: pàá! Bí iyèméjì bá wà níbẹ̀, igbà á máa họ igi: wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀. Kódà bí o bá di ojú, o máa mọ̀. Mo máa ń jókòó sílé, mo máa ń gbọ́ igbà àbúrò mi nínú oko, mo máa ń mọ ibi tí ẹ̀rù ti bà á. Mo tún wo ewúrẹ́ lójú títì tó lọ sí Ìwó. Èyí tó bá ń sọdá láìbojú wẹ̀yìn, lọ́rì kì í pa á. Èyí tó bá dé àárín títì tó rántí ibi tó ti ń bọ̀, òun ni a máa ń jẹ ẹran rẹ̀. Ta ló kọ́ mi ní ìyẹn? Ojú mi ni.

Ẹsẹ̀ mi dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo dé orí òpó náà, mo jókòó síbi tí àrá gé, mo sì jẹ àkàrà.

Òjò dé. Ìdì ẹyìn orí ọ̀pẹ ẹbu pọ́n, ó pupa bí ẹyinná. Baba mi ní àárọ̀ ọ̀la ni. Nígbà tí mo débẹ̀, òun ti jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, àbúrò mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti fi igbà tirẹ̀ kọ́ èjìká. Ó dá a lójú pé òun ni yóò parí rẹ̀. Ìyàwó mi wà nínú ẹbu, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó kàn ní, "Bàbá Ìbejì, ibi tí ẹ bá ń lọ, ẹ lọ o."

Mo ní bísímílà. Òkè. Pàá. Òkè. Pàá. Igi náà ṣì yọ̀ nítorí òjò, àmọ́ ẹsẹ̀ mi mọ iṣẹ́ tí mo rán an. Mo kọjá ibi tí àwọn obìnrin ti máa ń kígbe. Mo dé ibi tí mo ti jábọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. N kò bínú sí i. Mo fara ti igbà, mo di igi mú, mo gbójú sókè.

Nǹkan gígùn kan wà níbẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni. Mo ní lọ́kàn mi pé ìtàkùn ni o, àbúrò mi ò tún ní rí nǹkan fi mí ṣẹ̀sín. Nǹkan náà bá gbé orí sókè.

Ejò ni. Ejò gan-an lónìí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò mi kígbe láti ìsàlẹ̀, "kí lẹ dúró wò? Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti gbìyànjú!"

Inú mi kan ní, "Lọ, wọ́n ń wò ọ́." Inú mi kejì ní, "Padà." Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, igbà kò tíì kúrò lójú kan. Ọwọ́ mi ń dúró dè mí. Mo jẹ́ kí àwọn méjèèjì sọ tẹnu wọn tán. Lẹ́yìn náà, mo pinnu: ìsàlẹ̀, kí onílé jáde, kí àlejò tó wọlé. Nígbà tí ó di ọ̀kan ni ẹsẹ̀ mi dákẹ́, ó dákẹ́ pátápátá bí ọmọ tí wọ́n gbé ọmú fún.

Ìsàlẹ̀. Pàá. Ìsàlẹ̀. Pàá.

"Ó ń bọ̀!" Àbúrò mi ti ń tú igbà èjìká rẹ̀. "Baba, ẹ wò ó, ó ń bọ̀!"

"Dákẹ́," mo gbọ́ tí baba mi wí. "Ṣé o ò gbọ́ igbà rẹ̀ ni?"

Mo dúró, mo fara tì. Ejò náà na ara rẹ̀, ó kọjá sórí ẹ̀ka igi orógbó tó fara kan imọ̀, ó lọ sí ọ̀nà tirẹ̀. Mo wò ó títí n kò fi rí ìrù rẹ̀ mọ́. Mo ní, "Òkè." Pàá. Òkè. Pàá. Mo yọ àáké ní èjìká, mo gé ìdì náà ní ẹ̀ẹ̀kan, n kò gé e ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó bọ́, ó lu ilẹ̀ gbì, ẹyìn fọ́n káàkiri ẹbu, ìyàwó mi sì pariwo tí àwọn ará abúlé kejì gbọ́. Mo gé ìdì kejì fún ayọ̀. Ìkẹta, mo gé e nítorí àbúrò mi.

Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, baba mi dìde lórí odó. Ó tẹ̀ ba, ó gbé igbà mi tó wà nílẹ̀, ó fi aṣọ ara rẹ̀ nu omi òjò kúrò lára rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ mi léjìká. Ó wá yíjú sí àbúrò mi, tí igbà tirẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́.

"Lọ gba igbá lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ," ó ní, "kí o máa ṣa ẹyìn."

Àbúrò mi wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ejò ni lóòótọ́ àbí ìtàkùn?"

"Gùn ún," mo ní, "kí o lọ wò ó."

Ó mú igbá.